Àmì Kan Kò Tó Fi Ya Párábólà

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ sí. Ó ní èdè Yorùbá dára púpọ̀ fún oríkì, fún àlọ́, fún ẹkún ìyàwó àti fún òwe àgbà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ: bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìṣirò gidi, kí olúkúlùkù yáa di èdè Gẹ̀ẹ́sì mú. Ó wá nàka sí mi, nítorí ó mọ̀ pé ìṣirò ni mo ń kọ́, ó ní, "Ìwọ ọmọ Rẹ́mọ, fi Yorùbá wá ikuéṣọ̀n párábólà fún wa kí a rí i." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó. Ìjókòó tí mo jókòó yẹn ń dùn mí títí di òní, nítorí mo mọ̀ pé irọ́ ni ó pa, mo sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ méjì kúrò lọ́nà. Ohun tí ó pè ní ikuéṣọ̀n, ìdọ́gba ni èmi yóò máa pè é, nítorí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń sọ fún ni pé ohun tí ó wà ní apá ọ̀tún àti èyí tí ó wà ní apá òsì jẹ́ iye kan náà, bí òṣùwọ̀n tí àwo rẹ̀ méjèèjì dúró láìfì. Párábólà ní tirẹ̀, èmi yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Gíríìkì ayé àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Apollonius ni ó sọ ìlà náà ní orúkọ yìí, ó sì ti ju 2000 ọdún lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá a, ojú kò tì wọ́n. Ó yẹ kí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ èyí, àwọn tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ àjèjì, wọn a fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà so pọ̀ bí ẹrù igi láti fi dípò rẹ̀, tí ẹni tí ó so ó gan-an kò ní lè rántí rẹ̀ ní ọ̀la. Irú wọn ni wọ́n ń fún ọ̀rẹ́ mi ní ohun tí ó fi ń rẹ́rìn-ín.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ sí ilé wa ní Mákun, ní Ṣágámù. Mo bá ọmọ àbúrò bàbá mi níbẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ku ọdún kan kí ó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń fẹ́ ṣe láti kékeré, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kùnà nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan, ní ilé ìwé kan tí èmi kò ní dárúkọ, ti sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò, kí ó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Bàbá rẹ̀ sì ti ń bá ìyá kan tí ń ránṣọ sọ̀rọ̀ pé kí ó gbà á sí ẹnu iṣẹ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Aṣọ rírán kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, ìyá náà sì mọ bí a ti ń gé ìlà títẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ rán aṣọ ni kí a jẹ́ kí ó lọ rán an.

Mo ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a wá ìdọ́gba párábólà tí ó gba inú àmì mẹ́ta yìí kọjá: (1, 8), (2, 11) àti (3, 12). Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ìwé pé kí ó kọ y = ax² + bx + c sílẹ̀, kí ó fi àmì kọ̀ọ̀kan dípò x àti y. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rí ìdọ́gba mẹ́ta:

a + b + c = 8
4a + 2b + c = 11
9a + 3b + c = 12

Ó yọ èkíní nínú èkejì, ó ku 3a + b = 3. Ó yọ èkejì nínú ẹ̀kẹta, ó ku 5a + b = 1. Ó tún yọ ọ̀kan nínú èkejì, ó ku 2a = −2. Nítorí náà a jẹ́ −1, b jẹ́ 6, c jẹ́ 3, ìdáhùn rẹ̀ sì ni y = 3 + 6x − x². Iṣẹ́ náà tọ́ láti òkè délẹ̀. Èmi alára kò lè rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí ni a yìí ń ṣe níbẹ̀?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nìyẹn."

Mo wá fún un ní àmì mẹ́ta mìíràn: (1, 4), (2, 7), (3, 10). Ó tún bẹ̀rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́, ó ṣe é títí, ó sì rí i pé a jẹ́ òdo. Ẹ̀rù bà á. Ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe, òdo ni. Ó tún pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú ìwé náà sì ya. Omi lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Ẹ ò rí i pé olùkọ́ wa kò parọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe àṣìṣe kankan! Ó rí òtítọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tí ó kọ́ sórí bí ọfọ̀ kò sọ fún un bí òtítọ́ ti rí.

Mo mú ọsàn kan, a jáde sí àgbàlá. Mo fi èédú fa ìlà sí ara ògiri, ìlà kan ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mo sì ju ọsàn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ó lè rí bí ó ti ń gòkè, tí ó ń rọra, tí ó sì ń wálẹ̀. A jù ú títí ó fi bẹ́. N kò ní parọ́ pé a wọn ibi tí ó dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n gidi, afẹ́fẹ́ pàápàá a sì máa dí ọsàn lọ́wọ́ díẹ̀. Mo kàn ní kí a gbà pé àmì inú ìwé rẹ̀ ni ọsàn yìí: ní ọ̀pá kìíní ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ní ìkejì mọ́kànlá, ní ìkẹta méjìlá. Yorùbá ni a sì ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Láti mẹ́jọ dé mọ́kànlá, mélòó ni ó fi lé?"

"Mẹ́ta."

"Láti mọ́kànlá dé méjìlá?"

"Ẹyọ kan."

"Kí ni ó ṣe ìlé náà fúnra rẹ̀?"

Ó rò ó. "Ó fi méjì dín."

"Tí ó bá tún fi méjì dín, ibo ni ọsàn yóò wà ní ọ̀pá kẹrin?"

Ó ní, "Ẹyọ kan, kí a yọ méjì nínú rẹ̀... Há, ó ti jẹ gbèsè! Gbèsè ẹyọ kan. Ó padà sí mọ́kànlá." Kò dúró kí n béèrè èyí tí ó kù. "Lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè mẹ́ta, ó di mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè márùn-ún, ó di mẹ́ta." Ó tún fi ẹsẹ̀ yí padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀: kí ó tó fi mẹ́ta lé, márùn-ún ni ó ti fi lé, nítorí náà ní ibi tí a ti jù ú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Ibi tí ọwọ́ yín wà nìyí." Ẹ̀yin òǹkàwé, c nìyẹn. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò gba ìṣirò ni ó fi ọwọ́ kàn án.

Ó wá ku a. Mo ní kí ó ka iye tí x² ń jẹ́ láti òdo: 0, 1, 4, 9, 16. Ìyàtọ̀ wọn ni 1, 3, 5, 7. Ìyàtọ̀ inú ìyàtọ̀ ni 2, ní gbogbo ìgbà. Èyí ni pé bí x² bá jẹ́ ẹyọ kan, ìyàtọ̀ inú ìyàtọ̀ a máa jẹ́ méjì. Ti ọsàn wa jẹ́ gbèsè méjì, nítorí náà x² ẹyọ kan ni ẹnì kan ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yà ilẹ̀ ni ó ń fà á wálẹ̀, òun ni olówó ẹ̀yáwó. Jẹ́ kí a dá ohun tí ó gbà padà fún ọsàn." A fi 1 kún 8, ó di 9. A fi 4 kún 11, ó di 15. A fi 9 kún 12, ó di 21. Ó pariwo: "Mẹ́fà, mẹ́fà!" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fi mẹ́fà lé ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti orí mẹ́ta. Ìlà gbọọrọ ni ó kù: 3 + 6x. Kí a wá yọ x² náà padà, ìdọ́gba ti dé: y = 3 + 6x − x². Ìdáhùn kan náà tí ó ti kọ sínú ìwé tẹ́lẹ̀ ni, àfi pé nísinsìnyí ó mọ ohun tí ó kọ.

N kò sọ fún un pé kí ó padà sí ìbéèrè tí ó mú un sunkún. Ó padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́rin sí méje, mẹ́ta. Méje sí mẹ́wàá, mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò tẹ̀ rárá. Ìlà gbọọrọ ni ẹ fún mi. Ẹ̀yin ni ẹ ṣe àṣìṣe, kì í ṣe èmi."

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ta ni ó ń sọ pé Yorùbá kò gba ìṣirò? Èdè wo ni ó mọ ìyọkúrò tó èdè yìí? Ẹni tí ó bá wí pé ẹ́ẹ̀dógún, márùn-ún ni ó yọ nínú ogún. Ẹni tí ó bá wí pé márùndínláàádọ́ta, ó mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó yọ mẹ́wàá, ó tún yọ márùn-ún nínú ohun tí ó kù, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ láàrin ìgbà tí ó ń ná obì ní ọjà Ṣágámù. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì C.M.S. tí ó ti gbé ní Ìjàyè, kọ nípa ọ̀nà ìkawó wa yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Àjèjì rí i pé ohun ìyanu ni. Àwa tí a bí sínú rẹ̀ ń lo ẹnu tí a fi ń kà á láti fi sọ pé kò wúlò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí Yorùbá bá mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀, kí ni ìdí tí kò fi ní orúkọ fún párábólà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọrun ọdẹ, òṣùmàrè àti okùn ìsáṣọ ń tẹ̀ lójú wa lójoojúmọ́? Ìbéèrè yẹn gan-an fi hàn pé ẹni tí ó béèrè rẹ̀ kò mọ párábólà ní èdè kankan. Òṣùmàrè kì í ṣe párábólà, apá kan lára òbìrípo ni. Okùn ìsáṣọ tí ó sọ̀ kalẹ̀ láàrin òpó méjì kì í ṣe párábólà, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ gidigidi. Galileo pàápàá wí pé ó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi okùn ya párábólà, nínú ìwé kan náà tí ó tẹ̀ jáde ní 1638, níbi tí ó ti fi ẹ̀rí hàn pé ohun tí a bá jù ní ń rìn bí párábólà. Ní 1646, Huygens, ọmọ ọdún 17, fi ẹ̀rí hàn pé ti okùn yàtọ̀. Ojú nìkan kò tó. Ìyàtọ̀ inú ìyàtọ̀ ni kí a wò.

Ẹ sì ṣàkíyèsí ohun kan nípa ìwé Galileo yẹn. Látìn ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà, bí Gẹ̀ẹ́sì ti rí fún wa. Ó fi Látìn kọ àwọn ẹ̀rí rẹ̀ lórí ohun tí a jù, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ó fi sínú ìwé náà láti máa jiyàn lórí ẹ̀rí yẹn, láti máa béèrè, láti máa ta ko ara wọn, èdè Itálì tí wọ́n ń sọ ní ilé ni ó fi sí wọn lẹ́nu. Ohun tí mo ń fẹ́ fún àwọn ọmọ wa kò ju èyí lọ. N kò sọ pé kí a lé Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa. Mo ní kí a fi èdè tí ọmọ fi ń ronú bá a ronú kí a tó ní kí ó fi èdè mìíràn kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí ọmọ Haúsá láti Sábó, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ẹ̀gùn bá jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ Rẹ́mọ, mo gbà pé ó nira; kò sí ẹni tí yóò fi Yorùbá nìkan kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kíláàsì ní abúlé wa kò rí bẹ́ẹ̀, ọsàn sì wà fún gbogbo ẹ̀yà.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Rẹ́mọ kì í ṣe ibi tí ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ní 1956, ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, Táí Ṣólàárín àti Sheila aya rẹ̀ dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ roko, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kí ni a wá fi èyí ṣe? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí ó lo èdè abínibí jù ni ọmọ wọn ń kùnà nínú àwọn ìdánwò àṣejáde.

Ẹ fi ìṣirò wò ó. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní 2023 lábẹ́ ìlànà yẹn kò tíì parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Àwọn tí ó jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní 2025 ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní nǹkan bí 2013. Ìlànà tí a kò tíì bí kò lè mú wọn kùnà. Bí ó bá sì jẹ́ àṣà àtijọ́ ni mínísítà ń bá wí, kí ó kó àmì rẹ̀ jáde: ilé ìwé wo, olùkọ́ wo, ìwé wo, ọdún mélòó? Àmì kan ṣoṣo ni a gbé síwájú wa, èsì ìdánwò, a sì fi ya ìlà tí ó lọ láti ẹnu ìyá ọmọ dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Párábólà mélòó ni ó lè gba inú àmì kan kọjá? Kò níye. Ọ̀kan lè wá láti ibi olùkọ́ tí kò tó, ọ̀kan láti ibi ìwé tí kò sí, ọ̀kan láti ibi ebi, ọ̀kan láti ibi Gẹ̀ẹ́sì gan-an tí ọmọ kò gbọ́. Àmì méjì pàápàá kò tó. Ọmọ àbúrò bàbá mi mọ èyí.

Ẹnì kan yóò dá mi lóhùn pé òun náà, àmì kan ni. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò fi í ya ìlà kankan, n kò sì sọ pé gbogbo ọmọ ni ọsàn kan yóò là lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kò sọ pé ó ṣòro. Ó sọ pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí ó bá ti ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ẹni tí ó ní kò ṣeé ṣe ti pa.

Nítorí náà mo pè é níjà. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí ó mú àmì mẹ́ta tí ó bá wù ú wá. Ohun méjì péré ni mo bẹ̀ ẹ́: kí wọ́n má ṣe wà lórí ìlà gbọọrọ kan, kí x méjì má sì ṣe jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá rò pé òun gbọ́n, tí ó mú àwọn tí àlàfo wọn kò dọ́gba, bí (0, 3), (2, 11), (5, 8), a ti múra sílẹ̀. Ó fi mẹ́jọ lé ní ìṣísẹ̀ méjì, mẹ́rin mẹ́rin ni. Ó jẹ gbèsè mẹ́ta ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, gbèsè ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Láti mẹ́rin bọ́ sí gbèsè ẹyọ kan, ó já wálẹ̀ ní márùn-ún. Àlàfo láti òdo dé márùn-ún sì jẹ́ márùn-ún. Pín in, a jẹ́ gbèsè ẹyọ kan. Ọsàn Mákun ni, ó tún padà wá.

Èmi kọ́ ni yóò sì dúró nídìí pátákó. Ọmọ náà ti ní kí n sọ fún un ní ọjọ́ tí ìpàdé bá bọ́ sí, òun yóò wọ ọkọ̀ wá.